Ajá Ló Ń Bá Wọn Sọ̀rọ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀, irọ́ ló pa. Ọkọ mi ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, láràárọ̀, kí ó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, á dúró sí ẹ̀yìnkùlé, abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́, á fi gbogbo ẹnu pariwo pé, "Ó-kú-tán-lo-dé! Ó-kú-tán-lo-dé, máa bọ̀!" Ohùn rẹ̀ á fo ọgbà kọjá, á bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé àbúrò rẹ̀ obìnrin, níbi tó ti ń sá aṣọ àwọn oníbàárà. Ajá ló ń jẹ́ orúkọ yẹn o, ṣùgbọ́n kì í ṣe ajá ló ń bá wí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ilé náà kó yé yín. Ilé méjì ló kọ ẹ̀yìn síra wọn. Ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi, onígbàjámọ̀, kọjú sí òpópónà; ibi tí àbúrò rẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ alágbàfọ̀ kọjú sí àdúgbò kejì. Ọgbà bulọ́ọ̀kù tí kò ga ju àyà èèyàn lọ ló là wọ́n láàárín. Bàbá wọn ló kọ́ ilé méjèèjì. Èmi ń ta òwú, bọ́tìnì àti sípù lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ tó wọlé tàbí tó jáde tí kò gba iwájú mi kọjá.

Bàbá yìí ló fi ajá sílẹ̀ fún wọn. Irú ajá kan ni tí ayé ti fẹ́ gbàgbé, ajá ọdẹ ti àtijọ́ gidi: ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín, àyà rẹ̀ jìn, etí rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú irun gígùn lórí. Kì í fi imú tọpa ẹran bíi ti ajá yòókù. Ojú ló fi ń ṣọdẹ. Bó bá ti rí ehoro lókèèrè, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Kì í sì í gbó. Ẹni tó bá ń wá ajá tí yóò máa lé olè, kó má wulẹ̀ yà lọ́dọ̀ wa, torí olè á kó ẹrù tán, ajá wa á sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí Bàbá ń darúgbó, ó pín àwọn ajá náà. Ó kó abo fún ọkọ mi, ó kó akọ fún àbúrò rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó bá ń wá ọmọ ajá nínú yín, á lọ kan ilẹ̀kùn ẹnì kejì." Ó rò pé òun ti fi okùn so wọ́n pọ̀ títí ayé. Àgbà náà gbọ́n, ṣùgbọ́n kò mọ irú ọmọ tó bí.

Ẹ má gbọ́ ọ kí ẹ rò pé ọkọ mi kò mọ iṣẹ́ ajá. Ọkùnrin tí kò lè bu omi mu fúnra rẹ̀ nínú ilé ló ń se ẹran àti ìrẹsì fún ajá, á tún ki ìka bọ̀ ọ́ wò kó má baà gbóná jù. Á fi aṣọ tútù nù wọ́n lára kí awọ wọn máa dán. Á gé èékánná wọn, á fọ eyín wọn. Lójoojúmọ́ ló ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí pápá tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ bíríkì, kí wọ́n lè sáré tẹ́ ara wọn lọ́rùn. Á kọ́ wọn láti dúró gbọin-in kí àlejò fọwọ́ kan ẹnu wọn, èjìká wọn, títí dé ìrù, kí wọ́n má mira, torí bẹ́ẹ̀ ni adájọ́ ṣe ń yẹ̀ wọ́n wò níbi ìdíje ẹwà ajá. Irun etí wọn, kóòmù ṣọ́ọ̀bù ló fi ń yà á. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan rí irun ajá lára kóòmù, ló bá fò dìde lórí àga pẹ̀lú orí tí wọ́n gẹ̀ dé ìdajì. "Ọ̀gá! Ṣé kóòmù kan náà lẹ fi ń ya èmi àti ajá yín?" Ọkọ mi ní, "Má bínú. Màá fọ̀ ọ́ dáadáa kí n tó fi ya ti ajá."

A rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ náà. Nígbà yẹn, àbúrò rẹ̀ ṣì lè yọ orí láti orí ọgbà pé, "Ìyàwó wa, kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?" kí n sì sọ fún un.

Ọdún tí Bàbá kú ni gbogbo ẹ̀ dàrú. Ìdíje ńlá kan wà nílùú tó jìnnà. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ní kí Àǹtí, bí mo ṣe ń pe àbúrò ọkọ mi, mú akọ tó dára jù lọ síbẹ̀. Àǹtí lọ. Kò pẹ́ tó lọ ni Bàbá ṣubú ní balùwẹ̀. Kò kú lójú ẹsẹ̀. Ó lo ọjọ́ bíi mélòó kan lórí bẹ́ẹ̀dì, ọpọlọ rẹ̀ pé, ohùn rẹ̀ ló kàn lọ sílẹ̀. Mo bi ọkọ mi bóyá ó ti pe Àǹtí lórí fóònù. Ó ní òun ti pè é. Kí ló dé tí n ò ní gbà á gbọ́? Bàbá náà bi í. Mo wà níbẹ̀, ìrọ̀rí ni mò ń tún ṣe sábẹ́ orí rẹ̀. Bàbá ní, "Àbúrò rẹ ńkọ́? Ṣé ó ti dé?" Ọkọ mi ní, "Ó ń bọ̀, Bàbá. Ó ti wà lọ́nà." Bàbá kọjú sí ilẹ̀kùn, kò sì gbé ojú kúrò níbẹ̀ mọ́ títí tí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀.

A ti sin ín nígbà tí Àǹtí dé. Láti ẹnu géètì ló ti ń rẹ́rìn-ín, ife ẹ̀yẹ wà lábẹ́ apá rẹ̀, ajá ń yan níwájú rẹ̀. "Bàbá dà? Ẹ bá mi pe Bàbá kí wọ́n wá wo ohun tí ọmọ wọn gbà bọ̀!" Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọkọ mi kò pe ẹnikẹ́ni.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Kò sọ fún mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Láti kékeré ni Bàbá ti ń fi orúkọ àbúrò pe ẹ̀gbọ́n. Bí ajá bá bímọ, àbúrò ni kó wá wò ó. Bí ajá bá ṣàìsàn, àbúrò ni kó wá dì í mú. Ọkọ mi fẹ́ kí Bàbá jẹ́ ti òun nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì ikú. Ó rí ohun tó fẹ́ gbà, ohun tó gbà náà sì di ẹ̀gún sí i lọ́fun. Kàkà kó hú u síta, òun ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Ó ń sọ fún gbogbo orí tó bá bọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ ìgẹrun rẹ̀ pé ife ẹ̀yẹ wu àbúrò òun ju bàbá tó bí i lọ.

Abo kan wà lọ́wọ́ wa tó ti lóyún fún akọ Àǹtí kí Bàbá tó kú. Nígbà tó bí, ọkọ mi mú abo kan nínú ọmọ náà, ó gbé e sókè lẹ́yìnkùlé, ó sì sọ ọ́ lórúkọ tó fi lè ta ẹni tó wà lódìkejì ọgbà: Ó-kú-tán-lo-dé.

Àǹtí wọ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ tíṣà àgbà kan ní ìlú kejì, tí òun náà ń sin irú ajá yìí, ó ra akọ kékeré kan bọ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo wà nídìí aṣọ tí mò ń fọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó dún gbọnmọgbọnmọ: "Ẹ-ò-ránṣẹ́! Ẹ-ò-ránṣẹ́, wá jẹun!" Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ sì wo ẹ̀kọ́ ilé o, nínú ìbínú yẹn náà, ó ṣì ń fi "ẹ" bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ìdíje tó tẹ̀lé e ni ìtìjú ti pọ̀ jù. Irú ajá tiwa kò ju mẹ́ta lọ nínú agbo: tiwa, ti Àǹtí, àti ti tíṣà. Ọkùnrin tó mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn dání jẹ́ aláwàdà. Ó ka orúkọ tiwa: "Ó-kú-tán-lo-dé!" Àwọn èrò rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ló bá ka ti Àǹtí tẹ̀lé e: "Ẹ-ò-ránṣẹ́!" Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà rí i pé ọjà òun ń tà, ó tún un pè, ó ń yí ohùn padà bí ọkọ àti aya tó ń jà. Àwọn èèyàn ń di inú mú. Nínú agbo, ọmọ ìyá méjì dúró pẹ̀lú okùn ajá lọ́wọ́, kò sí èyí tó lè wo ojú èkejì. Ajá Àǹtí ló gba ipò kìn-ín-ní. Àǹtí kò dúró gba ife ẹ̀yẹ náà. Ó fa ajá rẹ̀ jáde, kò sì lọ sí ìdíje kankan mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Nígbà tí ọkọ mi mú Ó-kú-tán-lo-dé lọ gba akọ lọ́dọ̀ tíṣà, abo kan ṣoṣo ló yè nínú ọmọ tó bí. Ó sọ ọ́ ní Ta-ni-ò-mọ̀, ìyẹn ni pé gbogbo ayé ló mọ̀ pé ara Bàbá kò yá, kí Àǹtí má ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Kò pẹ́ sígbà náà, Àǹtí mú akọ mìíràn dé láti ọ̀dọ̀ tíṣà, ọmọ Ẹ-ò-ránṣẹ́, ó sì sọ ọ́ ní Èmi-ò-mọ̀. Ayé gbọ́, ọ̀run mọ̀! Bí ọkọ mi bá ké lápá ìhín pé, "Ta-ni-ò-mọ̀!" Àǹtí á dáhùn lápá ọ̀hún pé, "Èmi-ò-mọ̀!" Àwọn mẹkáníìkì òdìkejì títì sọ ọ́ di eré. Bí sípánà bá sọnù, ọ̀kan á ní, "Ta ni ò mọ ibi tó wà?" gbogbo wọn á hó pé, "Èmi ò mọ̀!" Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í korò lẹ́nu mi.

Lẹ́yìn náà ni tíṣà kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ iyì ohun tó wà nílé. Wọ́n fi àwọn ajá náà tọrẹ fún ẹni tó ń wá ajá ọgbà, wọ́n sì da wọ́n pọ̀ mọ́ ajá ìgboro. Ọjọ́ ogbó mú àwọn ajá Bàbá, ó mú Ó-kú-tán-lo-dé àti Ẹ-ò-ránṣẹ́ náà lọ. Ó wá ku Ta-ni-ò-mọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó ku Èmi-ò-mọ̀ lódìkejì ọgbà. Kò tún sí òmíràn níbi tí ẹsẹ̀ wa lè dé.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn asìnjá wá gẹ irun lọ́dọ̀ wa. Ó ní bí kò bá sí ọmọ tuntun, ẹgbẹ́ á yọ irú ajá wa kúrò nínú ìdíje, torí ajá méjì kì í ṣe ìran. Dókítà ẹran náà ti sọ pé Ta-ni-ò-mọ̀ ti ń darúgbó. Àsìkò tó ń wá akọ lọ́wọ́ yìí, bó bá kọjá, kí a má tún dán an wò mọ́. Ọkọ mi kàn ń gẹrun lọ. Akọ̀wé wò ó nínú dígí, ó ní, "Ọ̀gá, wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Tiyín yàtọ̀. Ajá ń retí fèrè, ọdẹ ló kọ̀ tí ò fọn ọ́n."

Lọ́jọ́ náà ni mo wọ bàtà mi, mo yí òpópónà po lọ sọ́dọ̀ Àǹtí. Ó ń lọ aṣọ. Ooru áyọ́ọ̀nù kún inú yàrá, òkìtì aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì kan ga níwájú rẹ̀. Èmi-ò-mọ̀ na ara gbọọrọ sábẹ́ tábìlì.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́."

"Ìyàwó wa. Mo ti mọ ohun tó gbé ẹ wá. Ajá mi ò jẹun láti àná, ẹ̀yìn ọgbà ló ń wò."

"Ẹ ṣàánú wa, Àǹtí. Torí Bàbá."

Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Mi ò ní gba kọ́bọ̀, mi ò ní gba ọmọ ajá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Kí Bùọ̀dá wá síbí, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ pé àwọn ò pè mí. Kí wọ́n má rán ọ, kí wọ́n má sì rán ajá. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ báyìí, ó tán. Mi ò ní bèèrè ìdí."

Mo sáré délé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, torí kí ni gbólóhùn kan jẹ́ lẹ́nu àgbàlagbà? Ọkọ mi jókòó, ó ń fi aṣọ nu abẹ rẹ̀. Ó nù ún títí tí mo fi rò pé kò gbọ́ mi. Ó wá dìde, ó fá irùngbọ̀n, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó so okùn mọ́ Ta-ni-ò-mọ̀ lọ́rùn. "Ó yá," ó ní. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn.

Bí a ṣe wọlé, àwọn ajá méjèèjì gbóòórùn ara wọn. Àwọn ajá tí kì í fọhùn wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ọmọ tí oorun ń kùn. Àǹtí di ọrùn tirẹ̀ mú. Ọkọ mi fi okùn wé ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ káàbọ̀, Bùọ̀dá."

"Ajá ni mo wá torí ẹ̀."

"Ajá ti sọ tiwọn, wọ́n ti sọ ọ́ fún ọdún gbọọrọ. Ẹ̀yin lẹ kù."

Ọkọ mi la ẹnu, ó pa á dé. Mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú mi pé, sọ ọ́, jọ̀ọ́, sọ ọ́, ẹnìkan ò ní pa ọ́. Ó wo ilẹ̀, ó wo aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ máa jáde, ọ̀tọ̀ lohun tó sọ.

"Kí ni mo fẹ́ pè ọ́ sí? Bàbá ò bèèrè ẹ."

Mo rí ojú Àǹtí. Obìnrin tó ti fi gbogbo ọdún yẹn bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà láìsunkún, ó kàn jókòó sórí aṣọ oníbàárà. "Wọn ò bèèrè mi?" ó ní. "Wọn ò tiẹ̀ sọ orúkọ mi?"

Bí mo bá dákẹ́, ọkọ mi ni mo gbè. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo wo ọkùnrin tí mo bí ọmọ fún, mo sì kórìíra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú náà, mi ò lè purọ́.

"Wọ́n bèèrè yín, Àǹtí," mo ní. "Ìrọ̀rí Bàbá wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, 'Àbúrò rẹ ńkọ́? Ṣé ó ti dé?' Bùọ̀dá yín ní ẹ ti wà lọ́nà. Ẹnu ọ̀nà ni Bàbá ń wò títí wọ́n fi lọ."

Áyọ́ọ̀nù ti ń jó aṣọ kan, a gbóòórùn rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé e. Lẹ́yìn náà, Àǹtí nu ojú, ó sì ṣe ohun tí èmi ò lè ṣe láéláé. Ó tú ọwọ́ kúrò lọ́rùn ajá rẹ̀. Ó ní, "Ó ti tó. Mo ti gbọ́. Bùọ̀dá, ẹ fi ajá sílẹ̀ kí ẹ máa lọ."

Ohun tó wá gbà nìyẹn. Wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, láìsọ gbólóhùn tí wọ́n ní kó sọ. Bó bá tú okùn yẹn sílẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ká irọ́ mọ́ lẹ́nu kì í fẹ́ gba oore lọ́wọ́ ẹni tó purọ́ mọ́. Ó fa Ta-ni-ò-mọ̀. Ajá náà ta ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀, ó gbé e sí àyà bí ẹní gbé ọmọ, ó sì bá ẹnu ọ̀nà jáde.

Ó ti ajá náà mọ́ yàrá ẹ̀yìn, kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Àǹtí ránṣẹ́ sí mi pé òun ò ti géètì. Mo bẹ ọkọ mi, mo bú u, mo kúnlẹ̀, mo tún bú u. Kò dá mi lóhùn ju "oúnjẹ dà" lọ títí dòní. Àwọn ajá náà kùn lápá ìhín, wọ́n kùn lápá ọ̀hún, títí àsìkò náà fi kọjá.

Akọ̀wé kò purọ́. Nígbà tí ìdíje ọdún tó tẹ̀lé e dé, irú ajá wa kò sí lára àwọn tí wọ́n pè. Ọkọ mi kò gbà, ó fọ Ta-ni-ò-mọ̀, ó ya irun etí rẹ̀, ó mú un lọ síbẹ̀, mo tẹ̀lé e. Wọn ò jẹ́ kó wọ agbo. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ajá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbọin-in bó ṣe kọ́ ọ, ó gbé orí sókè, ó ń dúró kí adájọ́ wá fọwọ́ kàn án. Obìnrin kan ń kọjá lọ, ó dúró, ó ya ẹnu. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ajá yìí mà rẹwà o. Irú ajá wo ni?"

Mo wo ọkọ mi. Ó fọwọ́ pa ajá náà lórí.

"Ajá lásán ni," ó ní.

Obìnrin náà dúpẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.